ṢÉ Ẹ TI GBỌ́? Àròyé Ọ̀rẹ́ Sọ́rẹ̀ẹ́ ní Adéníji Adélé

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti ojú ọ̀sà, ẹni tó bá ń gba òpópónà Adéníji Adélé kọjá ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò rí wọn níwájú ilé. Wọ́n á ti gbé bẹ́ǹṣì síta. Àwọn méjì á máa ta ayò, àwọn mẹ́rin á dúró tì wọ́n, wọ́n á máa kọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ju tiwọn lọ. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ wo ojú ọpọ́n rárá. Ọ̀rọ̀ ló bá wá.

Gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń ṣí ìjókòó náà lójoojúmọ́: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ ti gbọ́?"

Kò sí ẹni tí yóò dáhùn pé òun ti gbọ́, kódà kó ti gbọ́ láàárọ̀. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n á ní, "Kí ló tún dé o?" Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yóò tó dùn. Ẹni tó mú un wá yóò fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, yóò jókòó, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò ní òun kò fẹ́ pariwo. Kó tó di ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ti gbọ́.

Orúkọ Ọba Musendiq Adéníji Adélé Kejì, tó jọba Èkó láti 1949 títí di 1964, ni òpópónà yìí ń jẹ́. Ìgà Ìdúngánràn, ààfin Ọba Èkó, kò jìnnà síbẹ̀. Ìdúmọ̀tà àti Ẹbúté Ẹ̀rọ̀ wà nítòsí, níbi tí gbogbo ọjà àti gbogbo ìròyìn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Láti 1990 tí wọ́n ti ṣí bíríìjì Third Mainland tán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sọ̀ sí Adéníji, ìròyìn tún ń gba orí omi wọlé. Ẹni tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fún wákàtí méjì kò lè ṣe kó má rí nǹkan sọ. Bíríìjì náà fúnra rẹ̀ máa ń di ìjà. Ẹnì kan á ní òun ló gùn jù ní gbogbo Áfíríkà. Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti kọjá. Káírò ti gbà á láti 1996." Òótọ́ sì ni.

Láàárọ̀, ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ni irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pé sí. Wọn kì í rà á, ṣùgbọ́n kò sí àkọlé tí wọn kò mọ̀. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí gbogbo Èkó fún wọn ni Free Readers Association, ẹgbẹ́ àwọn akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ náà kò ní ààrẹ, kò ní akọ̀wé. Akápò ni kò tilẹ̀ yẹ kó ní rárá, nítorí kò sí owó tó fẹ́ tọ́jú.

Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé irú èèyàn mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni àkọ́kọ́ ni Gbọ́yìí-sọ̀yìí, tó ń mú ìròyìn wá. Ẹnì kejì ni Ó-ti-ṣẹlẹ̀-rí. Àgbàlagbà ni, ohunkóhun tó bá ya àwọn ọmọdé lẹ́nu, ojú rẹ̀ ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnì kẹta ni wọn kì í fẹ́ràn púpọ̀, nítorí ó máa ń ba adùn ọ̀rọ̀ jẹ́. Òun ni Ta-ló-sọ-fún-ọ. Ọjọ́ kan ṣì ń bọ̀ tí ẹni kẹta yìí yóò wúlò ju àwọn méjì yòókù lọ.

ORIN TÍ BÀBÁ ÀGBÀ MỌ̀, TÍ ỌMỌ KÒ MỌ̀

Ẹ wo ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 2024, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tó dá orin àtijọ́ padà, èyí tí wọ́n fi gba òmìnira ní 1960 tí wọ́n sì pa tì ní 1978. Ó bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì, nítorí àwọn aṣòfin kò fi falẹ̀ rárá.

Kàyéfì dé! Àwọn ọmọ ilé-ìwé kò mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ wọn pàápàá, ọ̀pọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí kò rántí ibi tó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí, ṣí ẹnu, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ-ọmọ á ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín?" Bàbá á ní, "Ta ló kọ́ mi kẹ̀? Pàṣán ni!"

Ibẹ̀ ni èrò ti máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní orin àtijọ́ náà dùn, ó rán àwọn létí ìgbà tí nǹkan dára. Àwọn kejì á ní kí ẹ gbọ́ ná: obìnrin òyìnbó kan, Lillian Jean Williams, ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì kọ èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1978. Ẹni tó gba òmìnira tán, ṣé ó tún yẹ kó máa yá orin lọ́wọ́ ẹni tó kúrò nílé rẹ̀? Ìyá tó ń ta àkàrà nítòsí, tí wọn kò pe sí ọ̀rọ̀ náà, á dá a sí i láti ìdí agbada: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orin yẹn ń dín owó ẹ̀wà kù?" Ọ̀rọ̀ parí.

OWÓ NI Ó, Ẹ̀ẸMEJÌ LÓ ṢẸLẸ̀

Ní ti owó, Ó-ti-ṣẹlẹ̀-rí ló ni ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ owó bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, 2023, ni àtijọ́ yóò kú. Nígbà tó yá, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Kí lẹ rí? Àtijọ́ kò ṣeé ná, tuntun kò ṣeé rí. Èèyàn ní owó ní báńkì, ebi ń pa á níta. Wọ́n ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì, wọ́n ń fi náírà ra náírà lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ìgbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta, 2023, ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kí wọ́n ṣì máa ná ti àtijọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Àgbà ní, "Ẹ fara balẹ̀. Níbo lẹ wà ní 1984?"

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun ti ilẹ̀kùn ibodè, wọ́n yí àwọ̀ owó padà, wọ́n sì fún aráàlú ní àyè láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin dé ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún péré láti fi kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì. Ta ni olórí ìjọba nígbà náà? Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ni. Ta ni ààrẹ nígbà tí ti 2023 ṣẹlẹ̀? Muhammadu Buhari kan náà ni, tó kú ní 2025. Ohun tó fi ogójì ọdún ó dín díẹ̀ jìnnà síra, ọwọ́ kan náà ló bu ọwọ́ lù ú.

Ẹni tó bá tún dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní í dúró ní 1984. Yóò rán wọn létí ọjọ́ 1 oṣù kìíní, 1973, tí pọ́n-ùn àti ṣílè lọ, tí náírà àti kọ́bọ̀ dé. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n fi ka náírà kan, àwọn ìyá ọjà sì ń bá ara wọn ṣírò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yóò tún fi ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, 1972, kún un, ọjọ́ Sunday tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. "Èyí tó tilẹ̀ yẹ kó dẹ́rù bà yín nìyẹn," ni àgbà á sọ, "a kò sì kú."

RÉLÙWÉÈ BÀBÁ KÉKERÉ

Ọ̀rọ̀ rélùwéè jọ ti owó. Lateef Jakande, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níhìn-ín ní Erékùṣù Èkó, ni gómìnà láti 1979 sí 1983. Bàbá Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ ṣe rélùwéè tí yóò máa gbé àwọn ará Èkó káàkiri ìlú. Ológun gbàjọba, wọ́n sì fagi lé iṣẹ́ náà ní 1985. Àwọn tó ń retí ọkọ̀ ojú irin ní 1983 padà sínú mólúè.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní, 2023, wọ́n wá ṣí Blue Line ní Marina. Ta ló wá ṣí i? Buhari náà ni, olórí ìjọba tó fagi lé ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina lọ sí Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Jakande kò rí i. Ó ti kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, 2021.

Lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan á ní Ọlọ́run ló fi ṣe ẹ̀san. Ẹlòmíràn á ní kì í ṣe ẹ̀san o jàre, ogójì ọdún la fi ṣòfò. Ẹni tó ń ta ayò kò ní í gbé ojú sókè, á kàn ní, "Ẹni tó bá pẹ́ láyé, á rí ohun tó pọ̀."

ÒRU IYỌ̀

Gbogbo èyí dùn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan dé lọ́dún 2014 tí Ó-ti-ṣẹlẹ̀-rí kò rí nǹkan sọ sí, nítorí kò ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún yẹn, Patrick Sawyer, ará Làìbéríà, sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Ìkẹjà pẹ̀lú àrùn Ebola lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Obáléndé, lórí Erékùṣù níhìn-ín, tí kò jìnnà sí Adéníji. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní í jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kó máa lọ. Sawyer kú ní ọjọ́ 25. Dókítà náà kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ta ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ìbá dé ní ìlú tí èèyàn ti ń fara gbún ara láti Ìdúmọ̀tà dé Òṣòdì?

Ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Àrùn tí kò ní oògùn ti wọ Èkó. Nígbà tó di òru mọ́jú Friday, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. "Ẹ dìde! Ẹ bu iyọ̀ sómi gbígbóná, kí ẹ fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín." Àwọn tí wọn kò pè, àtẹ̀jíṣẹ́ jí wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé káàkiri Nàìjíríà, wọ́n jí ọmọdé dìde lóru, wọ́n gbé garawa kalẹ̀, wọ́n da iyọ̀ sí i.

Ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn wò nìyí: kì í ṣe ọ̀tá ló pè wọ́n. Ìyá ló pe ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ló pe àbúrò. Ọ̀rẹ́ tó ń jókòó ti ọ̀rẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, tó ń bá a jẹ, tó ń bá a mu, òun náà ló fi owó ara rẹ̀ pè é lóru. Ìfẹ́ ló gbé irọ́ náà rìn. Irọ́ tó bá gbé aṣọ ìfẹ́ wọ̀, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Iyọ̀ tó pọ̀ kì í ṣe ohun ṣeré. Á fa omi jáde nínú ara, á gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, àwọn tí àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín wà lára wọn ló sì ń kọ́kọ́ dojú ìjà kọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọjọ́ Ta-ló-sọ-fún-ọ pé. Ọ̀rẹ́ tí gbogbo wọn ń pè ní abẹ́rẹ̀ẹ́-ọ̀rọ̀, òun nìkan ló lè gbé fóònù lóru kó ní, "Ó dáa. Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ta ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Wọ́n ní wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò."

"Rédíò wo? Aago mélòó? Dókítà wo ló sọ ọ́?"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ parí síbẹ̀. Kò sí rédíò, kò sí dókítà, kò sí aago. Ẹni tó bi ìbéèrè mẹ́ta yìí padà sórí ibùsùn rẹ̀. Ẹni tí kò bi wọ́n lọ wá iyọ̀.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun Ebola gan-an. Ìbéèrè kan náà ni! Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: "Ta lo fọwọ́ kàn? Ta ló fọwọ́ kàn ọ́? Níbo lo ti pàdé rẹ̀?" Èèyàn 894 ni wọ́n fi ìbéèrè yìí wá rí, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500 láti mọ̀ bóyá ara wọn gbóná. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Bí àrùn ṣe ń gba ara ọ̀rẹ́ kọjá sí ọ̀rẹ́ ni irọ́ ṣe ń gbà. Oògùn kan náà ló sì ń ran àwọn méjèèjì: kí a tọpa rẹ̀ padà síbi tó ti wá.

KÌ Í ṢE FÓÒNÙ LÓ BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé fóònù ló ba ayé jẹ́. Wọn kò jàre. Lọ́dún 1990, kò sí fóònù àpò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni l'Ékòó, síbẹ̀ ìròyìn gba ìgboro pé bí àjèjì bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tàbí tó fara kàn ọ́, nǹkan ọkùnrin á pòórá. Àgbàlagbà ọkùnrin ń rìn ní títì pẹ̀lú ọwọ́ kan nínú àpò ṣòkòtò, ó ń di ohun ìní rẹ̀ mú. Ẹ̀rín ń bẹ nínú rẹ̀ lónìí. Kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n pariwo "Olè! Gbé e!" lé lórí, tí wọ́n lù láìṣẹ̀ láìrò, nígbà tí ohun tí wọ́n ní ó jí ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Kí a tún lọ sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá fi ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Èkó gbóná! Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé, wọ́n ń káàánú rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ló jókòó ti tábìlì rẹ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ìtàn yẹn kò pa ẹnikẹ́ni, ó tilẹ̀ di ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà títí dòní. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé láti ìgbà náà ni ará Èkó ti fẹ́ràn kó gba ohun tó dùn gbọ́.

BẸ́ǸṢÌ Ń DÍN KÙ

Ohun kan wà tó ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó báyìí. Ilé ẹbí ń di pílásà. Ibi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó páálí ọjà sí i. Àwọn ọmọ onílé kó lọ sí Ìkòròdú, wọ́n lọ sí Àjáh, wọ́n lọ sí Sángo.

Èyí náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Láti 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àwọn èèyàn láàárín Erékùṣù, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Súrùlérè. Òyìnbó kan, Peter Marris, lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1961. Ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n máa rí ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́ wá di ẹni tó ń ṣírò kọ́bọ̀ kó tó lọ kí i. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo kúrò ní 2023, tí lítà epo kan tó wà lábẹ́ ₦200 fò sí ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó kó kúrò ní Adéníji tún bẹ̀rẹ̀ ìṣírò yẹn.

Nítorí náà, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọ inú fóònù. Gbọ́yìí-sọ̀yìí wà níbẹ̀, kì í sùn. Ó-ti-ṣẹlẹ̀-rí wà níbẹ̀, bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá bá a ra dátà. Ẹnì kẹta ló ṣòro láti rí. Lórí bẹ́ǹṣì, bí èèyàn bá béèrè pé "Ta ló sọ fún ọ?", ojú pàdé ojú, ẹ̀rín á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì jọ jẹ gúgúrú. Nínú fóònù, wọ́n á ní ó ń rí àwọn fín. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kó lọ. Kó fara da ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó ń bi ni ní ìbéèrè kò sọ pé a jẹ́ òpùrọ́. Kò kàn fẹ́ kí irọ́ ẹlòmíràn gba ẹnu wa dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni.

Ní Adéníji Adélé, bí wọ́n bá ti pe ìrun mùgẹ́rí̀bì, wọ́n á da ayò sínú àpò, wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Ẹni tó mú ìròyìn wá lálẹ́ á ṣì máa búra pé òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbá a léjìká: "Mo gbọ́. Lọ bi ẹni tó sọ fún ọ, kó o padà wá sọ fún wa lọ́la."